Ìdíje Họ́kì Tí Wọ́n Ní Ká Sá Fún ní Sharjah

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí orúnkún yìí ò tíì máa bá mi jà, mo gbá họ́kì, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, fún kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Sharjah. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, ẹ̀yin ọmọ àbúrò mi. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wọ metro, tí AC ń fẹ́ yín… Ní ayé náíńtíìsì, Karama, ní ìlú tó múlé gbe Sharjah, ni mò ń gbé, inú takisí la máa há mọ́ra wa sí títí dé Sharjah. Pápá wa, yanrìn ni. Tí o bá ṣubú, awọ orúnkún ẹ á kù síbẹ̀.

Ẹ gbọ́. Wọ́n ka àwọn tí a máa bá gbá họ́kì jáde. Àwọn alágbára ni wọ́n tò síwájú, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ India tí bàbá wọn gbá họ́kì, tí bàbá bàbá wọn gbá a. Ó tún wá bọ́ sínú oṣù ààwẹ̀! Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní, "Ẹ yọ orúkọ yín. Ìtìjú lẹ máa kó bá wa. Pápá yẹn, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni mo fẹ́ fi ṣe." Ẹ ò rí i? A ò tíì gbá bọ́ọ̀lù kan, wọ́n ti sin wá.

Kóòṣì wa, ará Pakistan, Ustad la máa ń pè é, bí ìgbà téèyàn bá ní "ọ̀gá". Ó wò wá. "Ta ló fẹ́ yọ?" Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, tí bàbá rẹ̀ ń ra ọjà ní ọjà Deira lọ́hùn-ún ránṣẹ́ sí Èkó, ló dìde. "Ustad, who born dem? We go play. Khalas, ó parí!"

Àwa méjèèjì nìkan ni Yorùbá níbẹ̀. Wàhálà tiwa nìyẹn. Ó jù mí lọ. Ẹ sọ fún mi, ta ló kọ́ wa pé ká máa ṣíwájú ẹ̀gbọ́n? Tí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ mi níwájú góòlù, Ẹ̀gbọ́n ni mo máa gbé e fún. Ustad á pariwo, "Habibi, ọ̀rẹ́ mi, gbá a!" Etí mi ò gbọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté nà wá bíi kíkú bíi yíyè. Wọ́n ti mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n ni mo máa gbé e fún, wọ́n kàn ń dúró dè é ni. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ti mú àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá sí pápá. Ó ní tí a ò bá na àwọn ọmọ India, ó parí. Inú bí mi… inú ṣì ń bí mi báyìí.

Lọ́jọ́ tí a bá àwọn ọmọ India gbá, ààwẹ̀ ti mú kí ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ táútáú. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni o, kò mu omi. Ó ní, "Tí o ò bá mu, èmi náà ò mu." Ṣé ẹ rí irú ìyẹn lónìí?

Ó kù díẹ̀ kó parí, ọ̀mì la wà. Bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ mi. Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti rọ̀gbà yí i ká. Mo tún fẹ́ gbé e fún un! Ó jágbe mọ́ mi: "Tí o bá gbé e wá síbí, má kí mi mọ́ láyé! Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ ni mo rán ẹ níṣẹ́. Gbá a!"

Ta ló ń kọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n? Mo gbá a. Góòlù!

Àwọn kan tún nà wá lẹ́yìn ìyẹn, a na àwọn kan. Ṣùgbọ́n a gbá gbogbo rẹ̀ tán, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan pápá títí a fi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lónìí, ilé gogoro ni wọ́n kọ́ síbẹ̀… hùn. Ayé ti yí. Ṣùgbọ́n a ò fọwọ́ ara wa gbé e fún wọn.

Ẹ̀yin ọmọ yìí, tí wọ́n bá ka àwọn tí ẹ máa bá jà fún yín, tí wọ́n wá ń káàánú yín, ẹ má bá wọn ṣàròyé. Ẹ bi wọ́n pé aago mélòó la máa bẹ̀rẹ̀.