Ohùn Tí Wọ́n Gbé Lé Mi Lẹ́nu

Ẹ bá mi wò ó ná, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí. Bí ènìyàn bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ní Lapaz, tí àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì ń pariwo tẹ̀lé e lẹ́yìn pé “Ao, me ba awu oo!”, ìyẹn ni pé ọmọ mi ti kú o, tí wọ́n ń fa ohùn náà gùn, tí wọ́n ń káwọ́ lérí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kí ló yẹ kí olúwarẹ̀ ṣe? Kí n bú wọn ni? Kí n bá wọn rẹ́rìn-ín? Wọn ò mọ̀ pé ikú tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ yẹn, ikú ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹni tó kọ eré tẹlifíṣàn tí wọ́n ti gbọ́ ọ mọ̀ ní tirẹ̀. Òun ni mo kórìíra, n ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Bí mo bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, itọ́ á kún mi lẹ́nu.

Aránṣọ ni mí, òṣèré sì ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Accra ni wọ́n bí mi sí. Yorùbá la ń sọ nílé, Twi la ń sọ níta. Nígbà tí fíìmù fídíò gbòde kan níbí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí, torí pé àwọn tó ti rí mi nínú eré ilé ìwé mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ni wọ́n ń pè mí fún? Alata oníjà! Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá nílùú yìí. Màá wọlé, màá sán ìró mọ́dìí, màá bú ọkọ ọlọ́kọ, màá jáde. Fíìmù tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Alata oníjà náà ni, gèlè nìkan ló yàtọ̀. Ìgbà mìíràn kì í tilẹ̀ í sí ìwé eré kankan. Ibi tí a bá jókòó sí tí a ń jẹ kenkey, ẹ̀kọ àgbàdo wọn níbí, ni ẹni tó kọ ọ́ ti máa ń ronú ohun tí a máa sọ, á nawọ́ sí mi, á ní, “Ìwọ, ṣáà máa pariwo.” Mo pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi bó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè rí pé kí ló ń dun obìnrin náà tó fi ń pariwo.

Ẹ wá wo bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí Kwesi, olùdarí kan tí mo bọ̀wọ̀ fún, pè mí sí eré tẹlifíṣàn. Ó ní n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyá ni mo máa ṣe, ìyá tí ọmọkùnrin rẹ̀ kú sẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ara mi bù máṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi Múfútáù, ẹni tí mo tẹ̀ lé lẹ́yìn, èbúté Tema ló kú sí. Ẹrù ló já lù ú.

Mo gba ìwé eré náà lọ́wọ́ Ato tó kọ ọ́. Àna olówó eré ni Ato, ẹ sì mọ bí irú wọn ṣe ń dé ibi iṣẹ́. Mo ka ibi tí wọ́n ti wá túfọ̀ ọmọ fún ìyá. Ìyá ṣubú. Ìyá yí gbiri nílẹ̀. Ìyá wá dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wa, odidi ojú ìwé kan, pé inú òun bàjẹ́, pé òun nìkan ló tọ́ ọmọ náà, pé ọmọ náà ìbá ti di ènìyàn ńlá, kí àwọn ọ̀dọ́ máa ṣọ́ra lẹ́nu iṣẹ́ o! Ṣíọ̀! Abiyamọ wo ló ń wàásù lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ kú? Mo ká ìwé náà, mo wọ trotro, ọkọ̀ èrò wa níbí, ó di ọ̀dọ̀ màmá mi ní Tema.

Màmá mi kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó ṣẹlẹ̀, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà ní Accra, nígbà tí mo fi máa délé wọ́n ti sin ín. Àwọn ọkùnrin ló lọ sin ín, ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, òbí kì í wo sàréè ọmọ rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ kankan kò sí nílé mọ́, bàbá wa kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ lọ́dún náà, bàbá sì ti kú. Mo jókòó ti màmá lórí ẹní, mo sọ ohun tí mo wá ṣe. Mo rò pé wọ́n máa lé mi jáde ni.

Wọ́n wá sọ fún mi. Wọ́n ní àwọn ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi dé, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà bọ́ fìlà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá rí fìlà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì mọ̀. Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ kú oòrùn. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ mu omi. Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ó ti sọ̀ ọ́? Kí ló bí? Bàbá yín tí ẹsẹ̀ ń dùn ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà ń dáhùn, torí ọmọ Yorùbá tó kọ́ ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ já ìkíni gbà mọ́ àgbà lẹ́nu. Omijé ti ń dà lójú wọn, wọ́n sì ń wí pé, “A dúpẹ́, Ìyá. Àlàáfíà ni wọ́n wà, Ìyá.”

Màmá ní, “Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, wọ́n á sọ ọ́. Mo ní kí ọmọ mi ṣì wà láàyè títí ìkíni á fi tán.”

Mo sunkún lórí ẹní yẹn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi ṣe eré. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Gbé e. Àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín o.” Mo ṣèlérí.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Ato, ńṣe ló ń wo fóònù rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ìkíni nìkan? Ẹkún dà? Báwo ni àwọn tó ń wò ó ṣe máa mọ̀ pé inú rẹ̀ bàjẹ́?”

Mo ní, “Àwọn Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Àwọn tó ń wo eré rẹ kì í ṣe òmùgọ̀.”

Kwesi gbè mí lẹ́yìn. A yà á ní ilé kan ní Kaneshie. Mo ṣa ẹ̀wà, mo gbójú sókè, mo rí fìlà lọ́wọ́ wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. N ò ní pa irọ́ fún yín, n kò ṣeré dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ọkùnrin tó yẹ kó túfọ̀ náà sun ẹkún gidi. Ẹni tó di kámẹ́rà mú ń fi èjìká nujú. Kwesi ò lè sọ pé kí a dúró. Mo dìde lọ fọ ọwọ́. Mo ní, Ọlọ́run o ṣeun, mo ti mú ìlérí mi ṣẹ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa fi hàn, èmi ni mo gba Tema lọ fúnra mi. Àwọn ará ilé kún yàrá màmá fọ́fọ́, torí gbogbo wọn mọ̀ pé ọmọ Ìyá máa wà nínú tẹlifíṣàn. Ojú mi yọ, ẹ̀wà wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọkùnrin dé. Mo rí ẹnu mi tó ń mì, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìkíni. Wọ́n ti yọ ohùn mi kúrò! Orin kan bọ́ sí i, ó ń kọrin pé ìyá máa tó gbọ́ pé ọmọ ti kú. Ohùn obìnrin aláwàdà kan wá bọ́ sórí ojú mi bí ẹni pé mo ń ronú, ó ń fi Twi kólòlò bí wọ́n ṣe máa ń sín Alata jẹ: “Ao, me ba awu oo! Ọkàn mi ti sọ fún mi! Ta ni yóò máa ra aṣọ fún mi?” Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, àgbà ń rẹ́rìn-ín, obìnrin kan ń lu itan. Mo yíjú sí màmá mi. Wọ́n ń wo tẹlifíṣàn náà bí ẹni tó ń wá ènìyàn kan nínú rẹ̀.

Kwesi ní wọ́n ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun kí wọ́n tó parí rẹ̀, Ato ló jókòó ti àwọn tó ń gé àwòrán náà tò. Mo lọ bá Ato. Ẹ̀rín ló fi pàdé mi! Ó ní, “Àǹtí, ìwọ ni gbogbo Accra ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Ṣé o ò dúpẹ́ ni?” Kí n tó lanu, ó ti ń sọ pé apá kejì ń bọ̀, pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn ọmọkùnrin náà, nítorí náà kò ní kú mọ́. Ó kàn dákú ni. Yóò jí ní ilé ìgbókùú-sí, èmi ìyá yóò sì jó yí i ká. Mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo kúrò níbẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbà á, pé orúkọ mi máa tóbi lára pátákó. Orúkọ wo? Aránṣọ ni mí, mo mọ̀ pé bí aṣọ bá ti jẹrà, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè gbà á là. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òṣèré lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tí kò mọ ènìyàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe eré, kí ẹ tó gbé ìbànújẹ́ ilé yín lọ fún wọn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó di kálàmù mú, àti ẹni tó máa dì í mú lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ sílé.

N kò lọ ṣe apá kejì náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fi jókòó tì yín. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú màmá mi bí ọkùnrin, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé mi dìde. Wọn ò bínú sí mi, ó ṣe mí bí i pé kí wọ́n bínú. Wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn nìkan ló kù sọ́wọ́ àwọn lára Múfútáù, pé àwọn a máa fi ọkàn lọ síbẹ̀ nígbà mìíràn láti lọ jókòó. Wọ́n ní nísinsìnyí, bí àwọn bá débẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn bọ́ fìlà, tí àwọn la ẹnu láti kí wọn, ohùn obìnrin aláwàdà yẹn ni àwọn ń gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ bá mi dá sí i. Báwo ni mo ṣe lè lé obìnrin yẹn jáde níbẹ̀?