Irọ́ Tí Mo Kà fún Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Bùnmi, o ṣé tó o fi wá. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi yìí, bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, yóò pa mí.

Èmi Láídé ni ìyàwó àgbà nílé yìí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tọ́jú Mọ́mì, ìyá ọkọ mi, ní Festac níbí, kí Tòkunbọ̀, àbúrò ọkọ mi, tó gbé Bùnmi wọlé níyàwó. Nọ́ọ̀sì ni Bùnmi. Òun ló fura sí òùngbẹ tó ń gbẹ Mọ́mì, ó mú wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Láti ọjọ́ náà, “Bùnmi mi, dókítà mi” ni Mọ́mì ń pè é. Èmi tí mò ń fọ aṣọ wọn, tí mò ń se oúnjẹ wọn, Láídé lásán ni mí. Ó ta mí bí ata tó bọ́ sójú.

Mọ́mì ò mọ òyìnbó kà. Lọ́jọ́ tí Bùnmi bá wọn gba oògùn wá, tó sì sáré lọ síbi iṣẹ́, Mọ́mì na páálí rẹ̀ sí mi: “Bá mi kà á.” Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, lójoojúmọ́. Mo ní, “Ọ̀kan láàárọ̀ ni, Mọ́mì. Bí ara bá ti fúyẹ́, ẹ dá a dúró.” Mo kàn fẹ́ kí oògùn Bùnmi má ṣiṣẹ́ ni. Ìkà ni mí! Ṣúgà ń gòkè. Bùnmi bi wọ́n, wọ́n ní, “Mò ń lò ó bó ṣe wà lára páálí.” Bàtà bó ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, wọn ò mọ̀ ọ́n lára, ìgbà tí a máa fi rí i, ó ti ń rùn. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lọ́rùn ẹsẹ̀.

Ní ọsibítù, Tòkunbọ̀ kígbe mọ́ ìyàwó rẹ̀: “Oògùn wo lo fún ìyá mi?” Bùnmi ní, “Ẹ lọ mú páálí náà wá nílé, ká ka iye hóró tó kù, ká mọ̀ bóyá wọ́n ń lò ó pé.” Èmi ni wọ́n rán. Ibi tí mo ti burú jù nìyí: mo di oògùn náà sínú ọ̀rá, mo jù ú sí gọ́tà l'Agboju. Mo padà dé, mo ní, “N ò rí nǹkan kan. Àbí Bùnmi ti kó o pamọ́ ni?” Tòkunbọ̀ lé e padà sílé àwọn òbí rẹ̀ l'Abúlé Adó. Inú mi dùn. Ọlọ́run gbọ́, inú mi dùn.

Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni mò ń wẹ egbò Mọ́mì, wọn a sì gbé ọwọ́ lé mi lórí: “Láídé, ọmọ tìrẹ náà ò ní dà ọ́.” Àdúrà yẹn ń gún mi bí abẹ́rẹ́.

Mọ́mì, ẹ foríjì mí. Tòkunbọ̀, ìyàwó rẹ ò ṣẹ̀. Bùnmi, n ò bẹ̀ ọ́ pé kó o pè mí ní Àǹtí mọ́. Má ṣáà torí mi kọ ilé rẹ. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé fún àgbà, ẹnu yín ni ojú wọn. Ẹ má fi ìlara fọ́ ọ.