Kọ́ọ̀bù Tí Bọ̀ọ̀dá Yà Sọ́tọ̀

Ní ọdún tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kún èbúté Àpápá dẹ́nu, mo ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Liverpool Road, mo sì gbọ́ ohun tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí àwọn náà ń dúró de bọ́ọ̀sì ń sọ lẹ́yìn mi.

“Tí a bá dé ọsibítù, ìwọ ṣáà wọlé, kí o jẹ́ orúkọ mi, kí wọ́n ya fọ́tò àyà ẹ. Bí dókítà bá ti sọ pé ara mi dá, wọ́n á jẹ́ kí n máa gbé Kánádà títí ayé.”

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin náà ṣáà láyà. Kí lẹ fẹ́ fi tèmi ṣe?”

“Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yà á ló ń bà mí lẹ́rù.”

“Ẹ̀yin tí ẹ ń wa kíréènì tó ń gbẹ́rù ní wọ́ọ̀fù?”

Ara fu èmi tí mo ń gbọ́ pàápàá. Àbúrò wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ ya kọ́ọ̀bù yín sọ́tọ̀ láti Iléyá? Látìgbà tí a ti dé Ajégúnlẹ̀, kọ́ọ̀bù kan la jọ fi ń mumi. Mo rò pé ìgbéraga Kánádà ni.”

Ẹ̀gbọ́n húkọ́.

“Mi ò fẹ́ kó ràn ẹ́ ni.”

Mi ò fẹ́ kó ràn ẹ́! Ìfẹ́ ni, ìjẹ́wọ́ sì ni pẹ̀lú.

“Ẹ ò fẹ́ kó ràn mí. Ìyàwó yín tó ń retí yín ní Kánádà lọ́hùn-ún ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá? Ọmọ tí ẹ ò tíì gbé rí ńkọ́?”

Bọ́ọ̀sì dé. Èmi nìkan ni mo wọ̀ ọ́.