Oògùn tí Mo Fún Alfred

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2023, Alfred ọmọ mi kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn. Gbogbo Ayétòrò ló gbọ́ lẹ́nu mi pé àìbìkítà nọ́ọ̀sì ló pa á. Irọ́ ni. Mo ti darúgbó. N kò fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ń rà fún ara mi ní Eggua ni mo fún un, èyí tí èdè Faransé wà lára páálí rẹ̀. Dókítà ti ní kó má lo ohun tí àwọn kò bá fún un. Lójú tèmi, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Alfred rẹ́rìn-ín: "Bàbá, Faransé ni oògùn yìí ń sọ o. Ṣé ọkàn mi á gbọ́?" Mo ní, "Gbé e mì. Ọkàn kò nílò ògbufọ̀." Ó ń gbé e mì títí di àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Kí wọ́n tó gbé e wọlé, dókítà bi í bóyá ó lo oògùn mìíràn. Ọmọ mi wojú mi. Èmi ni mo dáhùn: "Rárá." Ọmọ tí mo tọ́ kì í já bàbá rẹ̀ nírọ́ níwájú àlejò. Ó dákẹ́. Mo mọ̀ pé yóò dákẹ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà láṣeyọrí, àmọ́ ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Dókítà jáde sí wa. "Kò ṣẹ̀jẹ̀ sínú, ọkàn rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kí ló lò? Bí a bá mọ̀ ọ́n, a ó mọ oògùn tí a ó fi gbé ìfúnpá náà sókè." Purity, ìyàwó Alfred, yíjú sí mi. Ó ti bẹ̀ mí nílé pé, "Bàbá, ẹ má fún un ní nǹkan kan o." Ojú rẹ̀ ló ń tì mí, kì í ṣe ojú ikú. Mo ní, "Kò lo nǹkan kan." Wọ́n padà wọlé lọ máa wá ohun tó wà lápò mi. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tó fi kú.

Ìgbà náà ni mo na ìka sí Roheemat, nọ́ọ̀sì tí kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ìwọ lo pa á!" Ó ní, "Bàbá, mi ò ṣe nǹkan kan o." Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé nítorí ọ̀rọ̀ mi.

Roheemat, mo parọ́ mọ́ ọ. Purity, dárí jì mí, bí o bá lè ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ, bí dókítà bá bi yín léèrè, ẹ dáhùn, kódà kí bàbá yín dúró níbẹ̀.

Ohun tí Alfred fi sílẹ̀: Purity, ọmọ kan, Ìtẹ́olúwakìíṣí, tí kò tíì rìn nígbà náà, oko ẹ̀gẹ́ tí a kò tíì hú lọ́nà Ìmẹ̀kọ, ọ̀kadà, àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Purity ti lọ̀ sínú báàgì, èyí tí Alfred fẹ́ wọ̀ padà wálé.