Orúkọ Ta Ló Wà Lọ́rùn Aṣọ Náà?

Nígbà tí ojú mi ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́ láìsí awò, Òkóta tí ẹ ń wò yìí, igbó àti àbàtà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ gbọ́. Ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀nà Àgọ́ Palace nígbà yẹn á ká ìró rẹ̀ sókè nítorí ẹrẹ̀. Òní wá ńkọ́? Báńkì lọ́tùn-ún, báńkì lósì...

Ṣé fóònù yẹn ń gbà á sílẹ̀? Ó dáa. Àjọkẹ́, ọmọ ọmọ mi, gbé e sún mọ́ mi. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n n kò lè pariwo mọ́.

O ní kí n sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ara mi. Mo máa sọ ọ́. Ìwọ náà mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí. Sátidé tó ń bọ̀ ni fìrídọ́ọ̀mù rẹ, tí o máa gba òmìnira iṣẹ́ télọ̀. Ọ̀gá rẹ ti ní bí o bá tilẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, lébẹ́lì òun ni kí o ṣì máa rán mọ́ aṣọ. Ìwọ sì ti dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé, mà." Mo gbọ́. Àbúrò rẹ ló sọ fún mi.

Ìwọ tí o jáde yunifásítì. Ìwọ tí o máa ń gbé páálí ìwọ́de dúró síwájú káńsù nítorí àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lé kúrò létí títì. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, ẹnu rẹ mú bí abẹ. Tìrẹ wá dé, ó di "ẹ ṣé, mà".

Ó dáa. Ìsẹ́yìn ni mo ti wá. Ìsọlọ̀ níbí ni mo wá bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi, òun ló mú mi lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Délé ní Òkóta. Ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin o. Ọdún àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan maṣíìnì. Mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo ń pọnmi, mo ń fọ aṣọ ọmọ ọ̀gá, mo ń ṣa abẹ́rẹ́ tó jábọ́. Ẹ̀yin ìsinsìnyí, ẹ ò lè gbà á, ẹ má sì gbà á. Ìyà ni. Ìyà tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ iṣẹ́. Ìyá Délé fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé, "Sàlámọ̀, bí o bá gé ọrùn aṣọ, àfi bíi pé ẹni tó ni ín dúró níwájú rẹ."

Ọjọ́ fìrídọ́ọ̀mù mi dé. Mo kúnlẹ̀. Ó gbé sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, ó fi téèpù kọ́ mi lọ́rùn, ó ṣàdúrà fún mi. Ó wá kọjú sí àwọn èèyàn. Ó ní, "Ọmọ mi lèyí. Ibi yòówù kó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí, lébẹ́lì mi ni yóò máa lò, kí wọ́n lè mọ ilé tó ti jáde." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi pàtẹ́wọ́. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n dá mi lọ́lá ni...

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í wo inú aṣọ yín, lébẹ́lì ni aṣọ pélébé tí télọ̀ máa ń rán mọ́ ẹ̀yìn ọrùn. Orúkọ Ìyá Délé ló wà lára rẹ̀, àti àdírẹ́sì rẹ̀ ní Òkóta. Mo wá gbé maṣíìnì síwájú yàrá tí mo háyà ní Ìsọlọ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn kọ́ńpìnnì àyíká wa ni mò ń ránṣọ fún. Wọn á wọ̀ ọ́ lọ sóde, àwọn èèyàn á ní, "Ta ló rán èyí?" Wọn á yí ọrùn rẹ̀ wò. Ẹni tó bá sì ti wo ọrùn rẹ̀, Òkóta ló ń lọ. Èmi á jókòó sí Ìsọlọ̀, mà á máa lé eṣinṣin.

Kọ́sítọ́mà mi kan wà, Ìyá Bọ̀sẹ̀. Ó wọlé wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, "Àǹtí Télọ̀, mo sin àbúrò ọkọ mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín lánàá. Ọ̀gá yín fọwọ́ kan búbù tí mo wọ̀, ó ní òun lòun rán an. Èmi tí mo jókòó tì yín nígbà tí ẹ ń rán an."

Mo ní, "Bóyá wọ́n gbàgbé ni."

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ máa ṣàlàyé fún wọn lọ."

Mo lọ ṣe lébẹ́lì tèmi ní Òṣòdì. Orúkọ mi, Sàlámọ̀, àti ojúlé mi. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún ọ̀gá mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe kejì nìyẹn. Mo ṣe ohun tó tọ́, mo wá ń ṣe é bí ẹni ń jalè.

Kò pẹ́ tí Ìyá Délé fi rí i lọ́rùn aṣọ ẹnì kan. Àwọn ẹgbẹ́ télọ̀ dé. Wọ́n tú orí maṣíìnì mi kúrò lára tábìlì rẹ̀, ọkùnrin kan gbé e lé èjìká, ó ń lọ. Bí òfin wọn ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá ṣẹ ọ̀gá, orí maṣíìnì rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ alága títí yóò fi tọrọ àforíjì. Kí lèèyàn fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́? Tábìlì?

Ní mítíìnì, Ìyá Délé ń sunkún. "Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́..." Alága ní, "Sàlámọ̀, kúnlẹ̀." Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú. Ẹ bá mi bi wọ́n pé kí ni mo ṣe. Mo rán aṣọ, mo fi orúkọ mi sí i. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Ẹni tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ bo iṣẹ́ mi, òun ló ń sunkún. Èmi tí wọ́n bo iṣẹ́ mi, èmi ni mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Títí dòní, bí mo bá rántí, orúnkún mi á máa ro mí.

Wọ́n dá orí maṣíìnì padà. Mo padà sí lébẹ́lì Ìyá Délé. Bí iṣẹ́ bá sì pọ̀ jù fún un, á kó díẹ̀ wá fún mi pé kí n bá òun rán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, gbogbo aṣọ tí mo bá rán, mà á fi òwú pupa gún un lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀, níbi tí ojú ò lè tó. Ìyá Bọ̀sẹ̀ nìkan ni mo fi hàn.

Ó tó ọdún méjì. Áyọ́ọ̀nù jó léèsì obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Délé. Obìnrin náà gbé e lọ sí ẹgbẹ́. Kí ni Ìyá Délé sọ? Ó ní Sàlámọ̀ ló rán an, ní Ìsọlọ̀, òun kàn bá a gba iṣẹ́ náà ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti jóná. Lébẹ́lì kan náà ló wà lọ́rùn aṣọ àwa méjèèjì, ta ló fẹ́ já a nírọ́? Bí iṣẹ́ bá dáa, òun ló rán an. Bó bá jóná, èmi ni.

Wọ́n pè mí. Ìyá Bọ̀sẹ̀ tẹ̀lé mi lọ. Alága tún ní, "Sàlámọ̀, kúnlẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dúró ná. Ẹ tú ìṣẹ́tí léèsì yẹn. Bí òwú pupa bá wà níbẹ̀, èmi ni mo rán an, mo máa kúnlẹ̀."

Wọ́n tú u. Kò sí òwú pupa. Ìyá Délé ní irọ́ ni, kí ló ń jẹ́ òwú pupa. Ìyá Bọ̀sẹ̀ dìde, ó tú ìṣẹ́tí búbù tuntun tí mo rán fún un lójú gbogbo wọn. Pupa. Ìyàwó alága jókòó síbẹ̀, ó wọ aṣọ tó ní lébẹ́lì Ìyá Délé. Òun náà gba sísọ́ọ̀sì, ó tú tirẹ̀. Pupa. Ó ní, "Ìyá Délé, ṣebí ẹ ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ọjọ́ mẹ́ta rán èyí fún mi?"

Alága ń wo ilẹ̀. Mo ní, "Láti òní lọ, orúkọ mi ni mo máa fi sí aṣọ tí mo bá rán." Wọn ò pàtẹ́wọ́. Wọn ò sì ní kí n kúnlẹ̀. Títí Ìyá Délé fi kú, mo ń kí i, kò dáhùn.

...Kí lo sọ? Kí ìwọ náà kúkú máa fi òwú pupa sí i?

Àjọkẹ́, ṣé o ti ń gbọ́ mi ṣá? Ẹ̀rù ni òwú pupa yẹn. Ọdún méjì ni mo fi pa orúkọ mi mọ́ sínú ìṣẹ́tí. Bí áyọ́ọ̀nù ò bá jó léèsì yẹn, ibẹ̀ ni ì bá wà títí dòní. Nínú gbogbo àṣìṣe mi, òun ló dùn mí jù, nítorí mo ti mọ òótọ́ kí n tó ṣe é.

Tìrẹ tilẹ̀ burú ju tèmi lọ. Lébẹ́lì ayé ìgbà tiwa ò kọjá ọrùn aṣọ. Kaba tí o rán lọ́sẹ̀ tó kọjá, o fi hàn mí lórí fóònù, ojú ìwé ọ̀gá rẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Gbogbo ayé ń yìn ín. Níbo ni wọ́n kọ Àjọkẹ́ sí?

Lọ́jọ́ Sátidé, kúnlẹ̀ kí o dúpẹ́. Ó kọ́ ẹ níṣẹ́, ìyẹn ò níjà nínú. Ṣùgbọ́n bó bá ti dárúkọ lébẹ́lì, dìde, kí o sọ tìrẹ. Kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́ o. Bí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́ tán, ìwọ nìkan lo máa di aláìmoore.

Aṣọ wo lo máa wọ̀ lọ́jọ́ náà? Gbé e wá. Ìwọ lo rán an, àbí? Yí ọrùn rẹ̀ síta.

...Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ kí o tó gbé e wá. Orúkọ ọ̀gá rẹ, lọ́rùn aṣọ tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́ wọ̀ gba òmìnira.

Pa fóònù yẹn. Wo inú agolo bisikíìtì tó wà lórí fèrèsé, bíléèdì wà níbẹ̀. Tú lébẹ́lì yẹn kúrò. Èmi ò lè bá ẹ tú u, ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́.