Ohùn Ìrẹ̀ Lẹ́nu Àbúrò Mi

Ó tì o, Àǹtí, ẹ má tíì tú ẹrù yín. Ẹ fi báàgì yẹn sí ìdí ilẹ̀kùn níbẹ̀, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tèmi kí màmá mi tó dé, torí bí wọ́n bá fi lè wọlé pẹ́nrẹ́n, ẹ̀yin méjèèjì á kọ́kọ́ dì mọ́ra, wọ́n á sunkún bàbá mi, àbúrò yín tó lọ, ẹ̀yin náà á sunkún, ẹ óò máa rẹ ara yín lẹ́kún títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀la á sì mọ́. Ọ̀la yẹn ni mò ń bẹ̀rù. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ mú àbúrò mi wọ yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, tí wọ́n á tilẹ̀kùn, tí iná pupa á tàn lókè ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí èmi náà ṣe kéré mọ nìyẹn nígbà tí wọ́n mú mi wọ ibẹ̀, ẹ sì wá wò mí.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ohùn mi ti ki, pé mo ti di géńdé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ki. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rín sílẹ̀ ná, inú ohùn tó ki yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ta ni ò mọ Ìrẹ̀? Kòkòrò kékeré tí bàbá mi yà sórí bébà nídìí tábìlì yẹn, tó ń gbé inú ihò ara ògiri, tó ń bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bàbá mi ló ya àwòrán rẹ̀, bàbá mi ló kọ ọ̀rọ̀ tí yóò máa sọ, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló jẹ́ kí àwòrán náà máa rìn, ó wá ku ohùn. Mò ń wẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ki orí bọ inú korobá, mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ni bàbá mi bá ṣílẹ̀kùn, ojú wọn ń dán, wọ́n ní, "Tún un sọ." Àǹtí, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tún un sọ.

Mi ò ní parọ́ mọ́ òkú, kò burú níbẹ̀rẹ̀. Bàbá mi máa ń dúró lẹ́yìn gíláàsì, wọ́n á máa la ẹnu bí mo ṣe ń la tèmi, bí ẹni tó ń fún ọmọ lóúnjẹ. Àpótí onígi ni mo máa ń dúró lé kí ẹnu mi tó kan ẹ̀rọ. Tí mo bá ṣe é dáadáa, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì sókè. Gbogbo èèyàn ní ẹ wo ọmọ kékeré tó ń ṣiṣẹ́ bí àgbà, Ọlọ́run ló fún un. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun tí mo fi ń ṣeré nínú korobá kì í ṣe tèmi mọ́.

Nílé yìí, wọ́n á ní má pariwo. Má rẹ́rìn-ín nínú afẹ́fẹ́ tútù. Má kọrin pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, ohùn á ha. Tíṣà mi rò pé àìsàn ń ṣe mí. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́lé tá a bá ń gbá bọ́ọ̀lù, mo rí ẹni tó ń sáré bọ̀, mi ò gbọdọ̀ pe ẹni tó wà níwájú mi, mo kàn ń ju ọwọ́ ṣáá bí ẹni tí oyin ń lé. Bọ́ọ̀lù wọlé. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ náà. Ẹ lè rẹ́rìn-ín ti ìyẹn, èmi náà máa ń rín in.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ di ọwọ́ mi mú níbi tá a ti sin bàbá mi. Ẹ rántí pé wọ́n ń sọ pé ọkàn ọmọ yìí mà le o, kò sunkún? Ọkàn mi ò le. Nígbà tí wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ lé bàbá mi lórí, mo la ẹnu, mo sì sunkún, àmọ́ ẹkún Ìrẹ̀ ló jáde. Àǹtí, wọ́n ti gba ẹkún lẹ́nu mi sílẹ̀ tán ní yàrá yẹn, ẹkún ebi, ẹkún oorun, ẹkún ọmọ tí ìyá rẹ̀ sọnù, èyí tó gùn àti èyí tó kúrú. Mi ò mọ òmíràn mọ́. Ọmọ kan wà léjìká bàbá rẹ̀ níbẹ̀, ó yíjú, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ìrẹ̀ nìyẹn." Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo pa ẹnu mi dé. Mo fi ilẹ̀ tí bàbá mi wà búra fún yín, mi ò tíì sunkún wọn títí di bí mo ṣe jókòó yìí.

Rárá, ẹ má bú màmá mi. Ká ní owó ni wọ́n ń wá, ǹ bá mọ bí mo ṣe fẹ́ bínú. Àwọn ìtàn tí bàbá mi kọ sílẹ̀ kù níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Màmá mi ní níwọ̀n ìgbà tí Ìrẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, ọkọ àwọn ò tíì dákẹ́. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn, lórí àga tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn. Kí lẹ fẹ́ kí n fèsì? Tí Ìrẹ̀ bá bi ìyá rẹ̀ ní nǹkan nínú tẹlifíṣọ̀n, màmá mi ló ń dáhùn. Wọ́n á ní, "Má ṣèyọnu, ọmọ mi, mo wà níbí." Èmi á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí mo jókòó, wọn ò ní wo ọ̀dọ̀ mi.

Ọ̀gá Etí ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ohùn mi fẹ́ yí padà. Ẹ ò mọ̀ wọ́n. Àwọn ló ń gba ohùn sílẹ̀ níbi iṣẹ́, àwa ọmọdé la sọ wọ́n lórúkọ yẹn, torí tí ikùn rẹ bá kùn nínú yàrá, wọ́n á ní kó o lọ jẹun kó o tó padà wá. Gbólóhùn tí mo fẹ́ sọ ò ju, "Màmá, ta ló pa iná?" Mo sọ ọ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n bọ́ ohun tí wọ́n dé sí etí, wọ́n sì wò mí láti ẹ̀yìn gíláàsì bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbóòórùn ẹran tó fi pamọ́. Èmi ò tíì gbọ́ nǹkan kan o, àwọn ló gbọ́ ọ. Ni màmá mi bá bẹ̀rẹ̀ omi gbígbóná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oyin, wọ́n fi aṣọ wé mi lọ́rùn nínú ooru, wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ta lẹ lè bẹ̀ pé kó má dàgbà? Ara ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ó parí, àbúrò mi wà níbẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà mi, ó ń wọ́ ọ kiri. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ojú mi ti pọ́n. Ó kàn fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín ni. Ọlọ́run gbọ́ mi, ohun tí ọmọ yẹn fẹ́ ṣe ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sín mi jẹ, ó ní, "Màmá, ta ló pa iná?"

 Màmá mi fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá Etí rọra dé ohun yẹn padà sí etí, wọ́n ní, "Tún un sọ."

Ẹ ní ẹ̀bùn ni. Ó dáa. Ẹ̀bùn tí wọ́n fún ọmọ, ṣé ọmọ ò lè gbé e sílẹ̀ kó lọ ṣeré, kó padà wá bá a? Ọmọbìnrin kan wà níbi iṣẹ́ wọn, Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n la máa ń pè é, láti kékeré ló ti ń yàwòrán fún wọn, ó ti dàgbà tó ẹni tó ń lọ ilé ọkọ báyìí. Òun ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi kẹ́dùn. Ó ní, "Orí rẹ bá ọ ṣe é. Ohùn rẹ ló sá lọ, kò sẹ́ni tó máa dá ọ lẹ́bi. Ọwọ́ tèmi ò gbọ̀n títí dòní." Ó ní òun ò lè ya ohun tí wọn ò bá rán òun mọ́, pé tí òun bá jókòó ti bébà òfìfo nílé, ṣe ni òun máa ń wò ó títí òun á fi sùn lọ. Mò ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ló wá ní, "Àbúrò rẹ ńkọ́? Ohùn obìnrin kì í ki bí ti ọkùnrin. Ó lè di ìyá ọlọ́mọ kó ṣì máa ṣe Ìrẹ̀."

Àǹtí, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Èmi, ara mi ló yọ mí. Mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò rán an níṣẹ́, ó kàn wá, ó yọ mí. Kí ló máa yọ ọmọ yẹn?

Pálọ̀ yìí ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Mo wà nílé ìwẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ohùn ara mi. Mi ò sọ pé mo gbọ́ ohùn tó jọ tèmi. Èmi ni mo gbọ́, èmi kékeré, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń bi ìyá mi ní ìbéèrè, ìyá mi sì ń dá mi lóhùn tìfẹ́tìfẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí bàbá mi tó kú. Mo wo dígí. Mo fọwọ́ kan ọ̀fun mi. Mò ń rò ó pé ṣé mo ti kú ni, tí wọn ò wulẹ̀ tíì sọ fún mi.

Ẹ sì mọ ohùn àbúrò mi. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó ha, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àga lórí símẹ́ńtì. Ìyá Àgbà ni bàbá mi ń pè é. Ẹ̀yin gan-an pè lórí fóònù nígbà kan, ẹ rò pé àlejò àgbàlagbà kan ló gbé e, ẹ ní ẹ kú àárọ̀ mà, ṣé dáadáa lẹ jí, ọmọ tí ò tíì mọ ìdí ara rẹ̀ í fọ̀, ó sì dá yín lóhùn pé a dúpẹ́. Àbí ẹ ti gbàgbé? Ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn? Nígbà tẹ́ ẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó kí yín, ẹ ní ohùn rẹ̀ mà ti dùn. Kì í ṣe òun ló kí yín, Àǹtí.

Lánàá mò ń de okùn bàtà rẹ̀, mo fún un jù, ó ní ó ń dun òun, ohùn Ìrẹ̀ ló sì fi sọ ọ́. Mo ní, "Fi ohùn tìẹ sọ ọ́." Ó wò mí. Kò ṣeré o, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èwo ni?"

 Ó dáa, ẹ rò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má rò ó pẹ́. Màmá mi ti lọ wo àpótí tí kápẹ́ńtà ń kàn fún un láti dúró lé, torí ó kúrú ju bí èmi ṣe rí lọ. Wọ́n máa tó dé.

Ẹ ò ní bá wọn sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló ti bá wọn sọ̀rọ̀ tó yege? Èmi ò lè gbé e lọ síbì kankan, ọmọdé ni mo ṣì jẹ́, wọ́n á ní owú ló ń jẹ mí nítorí pé ohùn mi ti lọ. Wọ́n ti ń sọ ọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ kí ọmọ àbúrò yín wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ yín, tẹ́ ẹ bá ti mú un dé ọ̀nà kí ẹ tó pè wọ́n, wọn ò jẹ́ kọ̀ fún yín. Ẹ̀yin ni àgbà tó wà níbí, orí ọmọ sì ti wọ́. Kò dìgbà tó bá bàjẹ́ tán kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ pariwo ní àgbàlá yín. Ẹ jẹ́ kó bá àwọn ọmọ yín jà, kó kígbe títí ọ̀fun rẹ̀ á fi ha.

Ẹ gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi í lójú yín.

Wá, ọmọ ìyá mi. Dúró síbí. Má wo ẹnu mi, Àǹtí ni kó o wò. Ṣé o fẹ́ bá wọn lọ sílé wọn?

Ẹ gbọ́ ohùn tó fi dáhùn, àbí ẹ ò gbọ́?

Rárá, má sá lọ, mi ò bá ọ jà. Kì í ṣe Ìrẹ̀ ni mo bi. Mo mọ ohun tí Ìrẹ̀ máa sọ, àwa la jọ wà. Ìwọ ni mo bi. Ṣé o fẹ́ bá Àǹtí lọ?

Àǹtí, ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí i, ẹ má tíì fà á mọ́ra. Ó ti la ẹnu. Ẹ jẹ́ kó wá ohùn tirẹ̀.