Ẹ̀jẹ̀ Ọkọ Mi Wà Lára Ẹ̀

Inú kẹ̀kẹ́ láti Boundary lọ sí Malu Road ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ọ̀dọ́bìnrin kan tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ àti ìyá àgbà kan tó jókòó láàárín wa.

"Màmá, obìnrin tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwa ló bímọ, ni ẹ̀jẹ̀ bá tán lára ẹ̀. Wọ́n ń wá O púlọ́ọ̀sì. Ọkọ mi dìde, ó ní O púlọ́ọ̀sì lòun."

"Púlọ́ọ̀sì? Àmì àròpọ̀ ilé ìwé yẹn?"

"Òun náà ni, Màmá, àmọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ni eléyìí."

"Oore ló ṣe yẹn. Ọlọ́run á san án fún un."

"Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi wà lára ẹ̀. Tó bá ń kí mi láràárọ̀, ojú ẹ̀ tó ń dán ni mò ń wò."

"Ìwọ ńkọ́, kí ni tìẹ?"

"O máínọ́ọ̀sì."

"Iṣẹ́ wo lọkọ ẹ ń ṣe?"

"Ó ń ṣe bátìrì tirélà."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ó tán! Púlọ́ọ̀sì nìkan ò lè jí ẹ́ńjìnnì. Àfi kí máínọ́ọ̀sì wà níbẹ̀."

"Ohun tóun náà fi ń tù mí nínú nìyẹn." Ó gbé ọmọ sí èjìká. "Nígbà tí mo bí eléyìí, ẹ̀jẹ̀ tán lára èmi náà. Ọkọ mi ti ká apá aṣọ sókè, wọ́n ní tiẹ̀ ò bá tèmi mu. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ rí ló gbà mí là, Màmá. Ti ọkọ mi wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, ó ń kí mi ẹ kú àárọ̀."